Ìkórìíra olórí òṣèlú: níbo ni ìbínú ọmọ ìlú ti ń di ohun tí kò lọ́gbọ́n nínú mọ́?

ỌmọLáfíàjí kọ:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò, láìsọ ọ́ di ìjà ẹgbẹ́ kan sí èkejì.

Lọ́dún 2003, Charles Krauthammer, akọ̀ròyìn ará Amẹ́ríkà kan tó ti ṣe dókítà àrùn ọpọlọ rí, kọ ọ́ pé àwọn kan kórìíra Ààrẹ George W. Bush débi pé làákàyè wọn ń sá bí wọ́n bá ti gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ó pè é ní "Bush Derangement Syndrome", bí ẹni ń sọ àìsàn lórúkọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gbé orúkọ ọ̀hún látọ̀dọ̀ Ààrẹ kan dé ọ̀dọ̀ òmíràn. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, sẹ́nétọ̀ márùn-ún ní ìpínlẹ̀ Minnesota gbé àbá òfin kalẹ̀ pé kí ìjọba ka irú ìhùwàsí bẹ́ẹ̀ sí Trump mọ́ àrùn ọpọlọ.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Láti 2023, èèyàn ò lè sọ ní Èkó pé gààrí wọ́n kí ẹnì kan má pè é ní Obidient, ìyẹn alátìlẹ́yìn Peter Obi. Kò sì lè yin rélùwéè Blue Line kí ẹlòmíràn má ní wọ́n ti fún un lówó. Ìbéèrè mi ni pé: ṣé ìkórìíra olórí lè gba làákàyè lọ́wọ́ èèyàn lóòótọ́? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí la fi ń dá a mọ̀? Ẹni tó bá ní ọjọ́, iye owó tàbí ìdájọ́ lọ́wọ́, kó jọ̀ọ́ gbé e kalẹ̀. "Ìkan náà ni gbogbo wọn" kò lè ràn wá lọ́wọ́.

Alátakò_Yábàá fèsì:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Àmọ́ ibi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ yẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Ẹni tó bá ti pe ìbínú aráàlú ní àìsàn, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ìdáhùn nìyẹn. Nígbà Buhari, "wailers" ni àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ ń pe ẹni tó bá ṣàròyé. Lónìí, orúkọ mìíràn ni, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.

Ẹ wo ohun tó dé bá ará Èkó. Lítà epo bẹntiróòlù kan tí kò tó ₦200 di ₦488 ní ilé epo NNPC l'Ékòó nígbà tí oṣù karùn-ún ọdún 2023 ń parí lọ. Ní 14 oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà, náírà já nínú ọjà ìjọba láti nǹkan bí ₦471 sí dọ́là kan lọ sí nǹkan bí ₦664, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ní 3 oṣù kẹrin ọdún 2024, yúníìtì iná kan fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí ogún lójúmọ́ fún, fò láti ₦68 sí ₦225. Ẹni tó ń wọkọ̀ láti Ìkòròdú lọ sí CMS lójoojúmọ́ kò nílò káàdì ẹgbẹ́ kankan kó tó bínú. Bí ìbínú ṣe gbóná tó kò fi hàn pé làákàyè ti sá.

Olùṣirò_Sùúrùlérè fèsì:

Mo fara mọ́ Alátakò níbẹ̀. Gbígbóná ìbínú kọ́ ni ká wọ̀n. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ohun tó yẹ ká wò ni bóyá ẹni tó ń bínú ṣì ń ríran.

Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ ọ́n: ẹ kọ ìṣe náà sílẹ̀, ẹ pa orúkọ oníṣe rẹ́, kẹ́ ẹ tó dájọ́. Orílẹ̀-èdè yìí ti fi epo dán wa wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ní 1 oṣù kìíní ọdún 2012, ìjọba Jonathan yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Lítà kan kúrò ní ₦65, ó di ₦141. Èrò kún Gani Fawehinmi Park l'Ọ́jọ́ta, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti ìlú pa, títí ìjọba fi dá a padà sí ₦97 ní 16 oṣù kan náà. Bọ́lá Tinubu, tó jẹ́ aṣáájú ẹgbẹ́ alátakò ACN nígbà yẹn, gbé ìwé jáde tako ìgbésẹ̀ náà. Ó ní Jonathan ti da májẹ̀mú tó bá aráàlú dá.

Oṣù karùn-ún ọdún 2016: ìjọba Buhari gbé e láti ₦86.50 sí ₦145. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC pe ìyanṣẹ́lódì, kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó pariwo ní 2012 ló dákẹ́. Àwọn kan tiẹ̀ ń ṣàlàyé ìdí tó fi dáa.

29 oṣù karùn-ún ọdún 2023: Tinubu fúnra rẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún un, kéde pé owó ìrànwọ́ ti lọ. Kẹ́yin alátakò náà má rò pé ọwọ́ yín mọ́ o: Atiku àti Obi ti sọ nígbà ìpolongo pé àwọn náà á yọ ọ́ bí àwọn bá wọlé. Nítorí náà, ẹni tó dìbò fún ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó wá ń sọ pé ìwà ìkà pọ́ńbélé ni kí ẹnikẹ́ni yọ owó ìrànwọ́, orúkọ ló ń bá jà. Bó bá sọ pé ọ̀nà tí wọ́n gbà yọ ọ́ ló burú, pé kò sí bọ́ọ̀sì, kò sí ìrànwọ́ nílẹ̀ kí wọ́n tó kéde, èyíun lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Geoffrey Cohen, onímọ̀ nípa ìrònú ọmọ ènìyàn, ṣe ìwádìí irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó sì gbé e jáde ní 2003. Ó fi ètò ìrànwọ́ fún àwọn aláìní han àwọn akẹ́kọ̀ọ́: ọ̀kan lawọ́, èkejì háwọ́. Bí wọ́n bá ti sọ fún wọn pé ẹgbẹ́ wọn ló fọwọ́ sí i, wọ́n á gbà á, kódà bí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá lòdì sí èrò tí wọ́n ti ní tẹ́lẹ̀. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé wọ́n gbà pé ẹgbẹ́ ló ń darí èrò àwọn tó wà lápá kejì, ṣùgbọ́n pé kò darí tàwọn fúnra wọn.

Àdùkẹ́_ÈbútéMẹ́ta fèsì:

Ẹ̀gbọ́n Olùṣirò, ẹ jẹ́ kí n ta kò yín díẹ̀. Ìṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2012, àgbá epo rọ̀bì kan ju 100 dọ́là lọ. Owó wà, ìbéèrè aráàlú sì ni ibi tí owó ọ̀hún ń gbà lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2016, ó ti já wá sábẹ́ 30 dọ́là, dọ́là gan-an sì ṣọ̀wọ́n. Ní 2023, ètò ìṣúná tí ìjọba Buhari fi sílẹ̀ ò pèsè owó ìrànwọ́ kọjá oṣù kẹfà. Ẹni tó lòdì sí i ní 2012 tó sì gbà á ní 2016 lè ní ìdí tó mọ́gbọ́n wá. Kí ẹ má fi gbogbo ìyípadà ọkàn ṣe ojúsàájú.

Olùṣirò_Sùúrùlérè fèsì:

Òótọ́ lo sọ, ó sì yẹ ká fi ìyẹn kún un. Ibi tí mo máa fẹjú sí ni pé: ṣé ẹni náà mú ìdí yẹn wá kí orúkọ olórí tó yí padà, àbí lẹ́yìn rẹ̀? Ṣé ó máa gba irú ìdí bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹgbẹ́ kejì? Lẹ́yìn náà, bi í pé: "Kí lo máa rí tí wàá fi yí ọkàn padà?" Bó bá dárúkọ nǹkan pàtó, pé bí epo bá wálẹ̀ dé iye báyìí, tàbí bí àkọsílẹ̀ báyìí bá jáde, ẹ jọ lè máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Bó bá ní kò sí, ibi tí ààlà wà nìyẹn. Ìbéèrè kan náà ni kẹ́ ẹ bi ẹni tó ń kan sáárá sí olórí. Ìfẹ́ afọ́jú kò sàn ju ìkórìíra afọ́jú lọ. Èmi tiẹ̀ rò pé òun ló ń ṣe ìlú ní jàǹbá jù, torí òun ló sún mọ́ ibi tí agbára wà.

Amòfin_Ìkòyí fèsì:

Mo fẹ́ mú ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí Tinubu láti Chicago State University wá, torí ibẹ̀ la ti lè rí i kedere bí ìbéèrè gidi ṣe ń di ohun tí wọ́n gbé mì láìjẹ.

Ní 3 oṣù kẹwàá ọdún 2023, akọ̀wé àkọsílẹ̀ ilé-ìwé náà jẹ́rìí lábẹ́ ìbúra fún àwọn agbẹjọ́rò Atiku, tó ń pe èsì ìbò Ààrẹ lẹ́jọ́. Ohun méjì ló sọ. Àkọ́kọ́, Tinubu kàwé níbẹ̀, ó sì jáde ní 1979. Ìkejì, òun ò lè fìdí ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ INEC múlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìdajì Nàìjíríà gbé èkíní, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ìdajì yòókù gbé èkejì, wọ́n ní ọkùnrin náà ò wọ ilé-ìwé rí. Ẹnu kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti jáde! Ẹni tó gba ìdajì tó sì sọ ìdajì nù kò tíì ka ẹ̀rí yẹn.

Ní 26 oṣù náà, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ kọ̀ láti gba ẹ̀rí tuntun ọ̀hún wọlé. Abala 285 ìwé òfin wa fún ìgbìmọ̀ tó ń gbẹ́jọ́ ìbò ní 180 ọjọ́ péré, àkókò náà sì ti kọjá.

Alátakò_Yábàá fèsì:

Ṣé ẹ ti rí i báyìí, Amòfin? Ilé-ẹjọ́ ò yẹ ẹ̀rí náà wò. Kí ló dé tí ẹni tó ń fura yóò fi di aláìlọ́gbọ́n?

Amòfin_Ìkòyí fèsì:

Kò di aláìlọ́gbọ́n rárá. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti fura, kó sì béèrè ibi tí ẹ̀dà yẹn ti wá. Ohun tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ni kó sọ ìfura di ìdánilójú, kó wá máa bú ẹni tó bá rán an létí ọ̀rọ̀ 1979. Ẹni tó wà lápá kejì náà ò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ilé-ẹjọ́ ti fọwọ́ sí ìwé náà. Ilé-ẹjọ́ ò sọ bẹ́ẹ̀.

ÌyáAláṣọ_Balógun fèsì:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má gbàgbé àhesọ Jubril. Ní 2017, Buhari wà ní London láti 19 oṣù kìíní títí di 10 oṣù kẹta, ó tún padà lọ láti 7 oṣù karùn-ún títí di 19 oṣù kẹjọ. Òótọ́ ni pé ó kọ lẹ́tà sí ilé aṣòfin bí abala 145 ṣe ní kó ṣe, tí Ọ̀ṣínbàjò fi di adelé. Ṣùgbọ́n ìjọba ò sọ fún aráàlú irú àìsàn tó ń ṣe é. Inú àlàfo yẹn ni ìtàn ti hù pé ó ti kú, pé ará Sudan kan tó ń jẹ́ Jubril ló wà ní Aso Rock. Nnamdi Kanu wà lára àwọn tó gbé e kiri. Ó le débi pé ní oṣù kejìlá ọdún 2018, ní Kraków ní Poland, Ààrẹ fúnra rẹ̀ ní láti sọ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà pé òun gan-an lòun dúró níwájú wọn.

Ìkórìíra ló jẹ́ kí wọ́n gbà á gbọ́, mo gbà. Àṣírí tí ìjọba ń bò ló fún ìkórìíra yẹn lóúnjẹ jẹ. Bí dókítà Ààrẹ bá jáde lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tó sọ ohun tó ń ṣe é, ibo ni Jubril á gbà wọlé?

Tíṣà_Àgègè fèsì:

Lójú tèmi, àmì tó rọrùn jù láti rí ni ẹ̀bi tó ṣìnà. Ẹni tó ti kórìíra olórí kan kì í béèrè mọ́ ta ló ni iṣẹ́. Bí ihò bá yọ lórí Afárá Third Mainland, gómìnà ni wọ́n á bú. Ti ìjọba àpapọ̀ ni afárá yẹn, bí Eko Bridge àti Carter Bridge náà ṣe jẹ́. Ti ìpínlẹ̀ ni afárá Lẹ́kí sí Ìkòyí àti òpópónà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́. Àkójọ pàǹtí, LAWMA ti ìpínlẹ̀ ló ń bójú tó o. Ọlọ́pàá, Àbújá ló ń darí wọn. Ọjà àdúgbò, iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni ìwé òfin pè é.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí pẹ̀lú ìyìn. Blue Line, kìlómítà 13 láti Marina dé Mile 2, ìpínlẹ̀ ló kọ́ ọ: ìgbà Fáṣọlá ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó la àsìkò Áḿbọ̀dé kọjá, ìgbà Sanwó-Olú ni èrò kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, ní 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Ẹni tó ní Sanwó-Olú nìkan ló ṣe é àti ẹni tó ní kò ṣe nǹkan kan níbẹ̀, àwọn méjèèjì ló yẹ kó lọ wo ọjọ́ tí iṣẹ́ ọ̀hún bẹ̀rẹ̀.

ỌmọLáfíàjí fèsì:

Tíṣà, ẹ ṣeun. Ìkórìíra láàárín olórí sí olórí ńkọ́? Ṣé aráàlú nìkan ló ń ṣe é ni?

Amòfin_Ìkòyí fèsì:

Ẹ ò jìnnà sí ilé. Nígbà tí Tinubu jẹ́ gómìnà, ó dá ìjọba ìbílẹ̀ 37 kún 20 tí Èkó ní. Ọbásanjọ́ bá di owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Èkó mú ní 2004. Ní 10 oṣù kejìlá ọdún náà, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé Ààrẹ ò lágbára láti di owó náà mú. Ilé-ẹjọ́ kan náà sọ pé àwọn 37 tuntun kò tíì pé lábẹ́ òfin títí ilé aṣòfin àpapọ̀ yóò fi kọ wọ́n sínú ìwé òfin. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè wọ́n ní LCDA (agbègbè ìdàgbàsókè ìjọba ìbílẹ̀) dòní olónìí. Àwọn ti Àbújá ń ka apá kejì ìdájọ́ náà, àwọn ti Alausa ń ka apá kìíní. Owó kò sì jáde tán títí Yar'Adua fi gorí àlééfà ní 2007. Mo lè ṣàlàyé awuyewuye orí òfin tó wà ṣáájú ìdájọ́. Èyí tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn tí ilé-ẹjọ́ ti sọ̀rọ̀, mi ò rí àlàyé òfin kankan fún un, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Èkó ló sì jìyà rẹ̀.

Àdùkẹ́_ÈbútéMẹ́ta fèsì:

Kí n fi eléyìí kún un, torí òun ló bà mí nínú jẹ́ jù. Ìkórìíra olórí kì í dúró lára olórí. Ní 25 oṣù kejì ọdún 2023, Obi ní ìbò 582,454 l'Ékòó, Tinubu ní 572,606. Kí ìbò gómìnà tó dé ní 18 oṣù kẹta, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí ẹgbẹ́, ó ti di ta ni ọmọ onílẹ̀, ta ni àlejò. Wọ́n ń fi ìyá tó jẹ́ Igbo bú Rhodes-Vivour, olùdíje gómìnà lábẹ́ ẹgbẹ́ Obi, ọmọ ìdílé Èkó. Ìhàlẹ̀ wáyé ní àwọn ibùdó ìdìbò kan. Sanwó-Olú ní 762,134, Rhodes-Vivour ní 312,329.

Ẹ wá wo èyí: àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò l'Ékòó lé ní mílíọ̀nù méje. Ẹ ro ìbò àwọn mẹ́ta tó ga jù nínú ti Ààrẹ pọ̀, kò tó ìdá kan nínú márùn-ún wọn. Ariwo pọ̀ ju ìbò lọ. Ẹni tó ń ṣépè fún aládùúgbò rẹ̀ nítorí olórí kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn méjèèjì ò dìbò.

Alátakò_Yábàá fèsì:

Mo gba ti Àdùkẹ́ tọwọ́tẹsẹ̀. Ìbínú mi sí ìjọba ò kan ará ilé kejì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹ sọ fún mi: bí ìjọba bá ní ọ̀wọ́ngógó ti wálẹ̀ láti 34.80% sí 24.48% láàárín oṣù kan ṣoṣo, ṣé ẹni tó bá ní irọ́ ni ti kórìíra ju bó ṣe yẹ lọ ni?

Olùṣirò_Sùúrùlérè fèsì:

Àpẹẹrẹ tó dáa nìyẹn, torí apá méjèèjì ló ṣì í kà. 34.80% ni NBS, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, kéde fún oṣù kejìlá ọdún 2024, 24.48% fún oṣù kìíní ọdún 2025. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín wọn ni pé wọ́n yí ọdún ìpìlẹ̀ ìṣirò padà láti 2009 sí 2024, wọ́n sì tún ìwọ̀n àwọn ọjà tí wọ́n ń kà tò. Ìwọ̀n méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó ní ọjà ti wálẹ̀ ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ṣìnà. Ẹni tó ní wọ́n jókòó ní Àbújá hùmọ̀ nọ́ńbà ṣìnà pẹ̀lú, torí ó ti yẹ kí irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ti wáyé tipẹ́.

Ohun kejì ni pé bí ọ̀wọ́ngógó bá wálẹ̀, kò túmọ̀ sí pé iye ọjà wálẹ̀. Ohun tí wọ́n ń tà ní ₦1,000, bí ọ̀wọ́ngógó bá jẹ́ 34.8% lọ́dún kan, á di ₦1,348. Bó bá wálẹ̀ sí 24% lọ́dún kejì, á tún gòkè dé nǹkan bí ₦1,671. Nítorí náà ìyá tó ń raja ní Mile 12 kò purọ́ nígbà tó ní ọjà ṣì ń wọ́n. Ìjọba náà lè máa sọ òótọ́ pé ìgòkè rẹ̀ ti dẹ̀ díẹ̀. Oṣù tó wà lábẹ́ ọdún ìpìlẹ̀ kan náà ni kẹ́ ẹ máa fi wéra.

ÌyáAláṣọ_Balógun fèsì:

Ọmọ mi, o ṣe é. Ti iná yìí ló kù. Band A ni wọ́n kọ sí wa, wákàtí ogún ni wọ́n ṣèlérí, kì í pé. Ta ni ká bínú sí?

Tíṣà_Àgègè fèsì:

Ẹ kú ìnáwó, Mà. Ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná ni ẹ kọ́kọ́ máa dojú kọ. Ẹ béèrè orúkọ fídà tó ń gbé iná wá sí àdúgbò yín, kẹ́ ẹ máa kọ àsìkò tí iná dé àti àsìkò tó lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Àṣẹ tí NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso ọjà iná, fi lélẹ̀ ní 2024 ni pé bí fídà Band A ò bá dé ìwọ̀n tí wọ́n ṣèlérí fún ọjọ́ méjì léraléra, ilé-iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ní gbangba kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì. Bó bá di ọjọ́ méje léraléra, wọ́n gbọ́dọ̀ já fídà náà wálẹ̀ sí ìpele tó bá wákàtí tí wọ́n ń fún yín mu, kí owó yín náà sì wálẹ̀ bá a.

Ọ́fíìsì oníbàárà tiwọn lẹ máa kọ́kọ́ kọ̀wé sí, kẹ́ ẹ mú ẹ̀dà tí wọ́n lù ní òǹtẹ̀ dání. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ má sáré lọ sí Àbújá mọ́: NERC ti fa ìṣàkóso ọjà iná Èkó lé LASERC lọ́wọ́, àjọ ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ fi ìwé àkọsílẹ̀ wákàtí yẹn àti rìsíìtì mítà yín mọ́ lẹ́tà náà. Bí ilé mẹ́wàá tó wà lórí fídà kan náà bá jọ fọwọ́ sí i, ó túbọ̀ máa ń ṣòro fún wọn láti ní mítà ẹnì kan ló bàjẹ́.